Àtùpà Apá Òsì

Waterloo ní London ni ẹni tí kò bá wa mọ́tò yóò ti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Beaulieu. Ọkọ̀ náà á sáré bíi wákàtí kan àbọ̀ síhà gúúsù, á wá já èrò sílẹ̀ ní Brockenhurst, láàárín New Forest, igbó tí Ọba William tó fi ogun gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ọdẹ ní nǹkan bí ọdún 1079. Ẹṣin kéékèèké ló ń rìn gbẹ̀fẹ́ nínú igbó yìí títí dòní. Wọ́n ní olówó, ṣùgbọ́n kò sí okùn lọ́rùn wọn. Bó bá wù wọ́n, wọ́n á dúró sáàárín títì, bọ́ọ̀sì á sì dúró dè wọ́n. Bọ́ọ̀sì tiwa náà dúró. Awakọ̀ kò fọn fèrè, kò ṣépè fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n tí mo tẹ̀ lé wo ẹṣin náà, wọ́n wo aago ọwọ́ wọn, wọ́n ní, "Àwọn tó ní ọjà gidi ti tà á tán báyìí."

Mushin ni ẹ̀gbọ́n ti kọ́ṣẹ́ rẹ́wáyà kí wọ́n tó di ará Peckham. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n aládùúgbò wọn kan, òyìnbó, ní De Dion-Bouton tí wọ́n ṣe ní 1904, ẹ̀gbọ́n ló sì ń bá a tọ́jú ohun gbogbo tó jẹ mọ́ iná lára rẹ̀. Ọkọ̀ náà ní àtùpà oníkẹrosíìnì kan lápá ọ̀tún, tí wọ́n tẹ orúkọ Powell & Hanmer ti Birmingham sí lára. Èkejì rẹ̀ lápá òsì ti sọnù kí aládùúgbò yìí tó ra ọkọ̀ náà. Òsì yẹn la ń wá lọ. Oṣù kọkànlá ti ń sún mọ́lé, olówó ọkọ̀ kò sì fẹ́ fi ojú kan wọ Brighton.

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù kọkànlá, àwọn mọ́tò arúgbó máa ń gbéra ní Hyde Park bí oòrùn bá ti ń yọ, wọ́n á sì wọ́ lọ sí Brighton létí òkun. Ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 1896 ni wọ́n fi ń ṣèrántí, nígbà tí òfin tuntun gba mọ́tò láyè láti máa sá tó máìlì 14 ní wákàtí kan lójú pópó. Mọ́tò tí wọ́n bá ṣe lẹ́yìn 1904 kò lè bá wọn lọ. Nínú irú àwùjọ bẹ́ẹ̀, àtùpà tí kò bá ọkọ̀ mu kì í pẹ́ hàn. Ẹnì kan á kàn dúró níwájú ọkọ̀ rẹ, á tẹ orí, á wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, á sì lọ láìsọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n ní ìdákẹ́ yẹn burú ju èébú lọ.

Bíúlì ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe Beaulieu. Ìlú kékeré ni: odò kan, ilé oníbíríkì pupa díẹ̀, àti ilé àwọn mọ́ńkì tí Ọba John dá sílẹ̀ ní 1204, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ti di àlàpà. Ìdílé Montagu ló ni ilẹ̀ náà. Ní 1952, Edward, Lord Montagu, kó mọ́tò àtijọ́ mélòó kan sí inú ilé rẹ̀, ó sì ṣílẹ̀kùn fún aráyé láti wá wò wọ́n, kí wọ́n lè máa fi rántí bàbá rẹ̀, ẹni tó gbé mọ́tò lárugẹ nígbà tí ọ̀pọ̀ ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń kórìíra ariwo rẹ̀. Ìwọ̀nba mọ́tò yẹn ló bí National Motor Museum. Ní 1967, ó dá ọjà sílẹ̀ fún àwọn tó ń wá ẹ̀yà ara mọ́tò àtijọ́, oṣù kẹsàn-án sì ni ọjà náà máa ń kún jù.

Ẹni tó bá ti dé ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó rí ti mọ ìdajì ohun tí a bá níbẹ̀: ẹ́ńjìnì lórí koríko, gíà, táyà, òkìtì nọ́ọ̀tì àti bóòtù, ọlọ́jà tó mọ gbogbo ohun tó ń tà láìlẹ iye owó mọ́ ọn. Ìdajì kejì ni ajá, tíì nínú ife páànù, ẹrẹ̀, àti àwọn àgbà ọkùnrin tó so páálí mọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n kọ ohun tí wọ́n ń wá sí i: kábúrétọ̀ ọdún báyìí, fèrè báyìí, ọwọ́ ilẹ̀kùn báyìí. Ẹ̀gbọ́n kò kọ nǹkan kan sẹ́yìn. Wọ́n ní bí ọlọ́jà bá ti mọ ohun tó ń dùn ọ́, owó ọjà ti gòkè nìyẹn.

Kí àwa tí mọ́tò tòkúnbọ̀ mọ́ lára tó lè mọ ìdí wàhálà yìí, ohun kan wà tó yẹ ká mọ̀. Nígbà tí mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kì í ta iná mọ́ ọn. Ẹni tó bá ra ọkọ̀ ní 1904 ra ẹ́ńjìnì, àga àti kẹ̀kẹ́ mẹ́rin. Orí rẹ̀, gíláàsì iwájú àti àtùpà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá wọn kiri nílé ìtajà bó bá ṣe lówó lọ́wọ́ sí. Olówó á ra àtùpà ilé iṣẹ́ Lucas, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó o á ra èyí tó wà. Àwọn ọkọ̀ tó ṣáájú wọn pàápàá, àtùpà kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ni wọ́n ń lò, tí àbẹ́là wà nínú rẹ̀, tí sípíríǹgì ń ti àbẹ́là náà sókè bó ṣe ń jó tán. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ pé àtùpà kan ni ojúlówó fún De Dion kan, ohun tó ń sọ ni pé irú rẹ̀ wà lọ́jà nígbà náà, pé ó bá apá irin tó wà lára ọkọ̀ mu, àti, bí Ọlọ́run bá ṣe é, pé fọ́tò kan wà tó fi ọkọ̀ yẹn gan-an hàn pẹ̀lú rẹ̀. Aládùúgbò ẹ̀gbọ́n kò ní fọ́tò kankan. Àtùpà ọ̀tún yẹn ni ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo.

Ìsọ̀ àkọ́kọ́ tí a yà sí dùn ún wò. Idẹ ń tàn yanranyanran lórí aṣọ dúdú, gbogbo rẹ̀ tò ní méjìméjì. Ọlọ́jà náà gbé méjì tó jọ ara wọn dání, ó ní Powell & Hanmer ni, àti pé láti ilé kan náà ló ti rà wọ́n. Ẹ̀gbọ́n kò fọwọ́ kàn wọ́n. Wọ́n kàn ní kó ṣílẹ̀kùn àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ilẹ̀kùn méjèèjì ṣí síhà kan náà. Ẹ̀gbọ́n dúpẹ́, a kúrò.

"Ṣó o rí i? Ọ̀tún méjì."

Nínú irú àtùpà tí à ń wá, ti ọ̀tún àti ti òsì kì í bára wọn dọ́gba délẹ̀. Íńjìsì ti ọ̀kan wà ní òdìkejì ti èkejì, kí awakọ̀ lè nawọ́ sí òwú láti ìta. Dígí ẹ̀gbẹ́ máa ń kọjú síta, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lè rí ọkọ̀. Dígí pupa kékeré kan sì wà lẹ́yìn. Ẹni tó bá fi ọ̀tún méjì sára ọkọ̀, ìkan á wò síta, èkejì á máa wo ẹ́ńjìnì. Mo gbà pé ọlọ́jà náà mọ̀. Ẹ̀gbọ́n ní bóyá kò mọ̀, pé ẹni tó ra ọjà lójú oòrùn láti ọwọ́ ẹlòmíràn tó ra tirẹ̀ lójú oòrùn kì í béèrè ìbéèrè púpọ̀.

Dídán tó wà lára àwọn àtùpà yẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn, òun gan-an sì ni ẹ̀gbọ́n ń sá fún. Páànù idẹ tí wọ́n fi ṣe àtùpà wọ̀nyí fẹ́lẹ́, òǹtẹ̀ orúkọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ sí i kò sì jìn. Bí ọmọ ọ̀dọ̀ kan bá ń fi Brasso, èyí tí wọ́n fi ń mú idẹ dán, bó o lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ogún ọdún, orúkọ yóò parẹ́, nọ́ńbà yóò tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà yìí sì ni ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ àtùpà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n tẹ "Rd No." sí, pẹ̀lú nọ́ńbà gígùn kan: nọ́ńbà tí ìjọba fún àwòrán ọjà náà nígbà tí ilé iṣẹ́ lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn má bàa jí i ṣe. Láti 1884 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìkà náà láti orí 1; nígbà tí 1900 fi wọlé, ó ti kọjá 350,000. Ẹni tó bá ní tábìlì ọdún àti nọ́ńbà lọ́wọ́ yóò mọ ọdún tí àtùpà kò lè dàgbà jù. Kì í ṣe ọdún tí wọ́n ṣe é o, nítorí ilé iṣẹ́ lè máa ṣe àwòrán kan náà lọ fún ọdún mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà bá ti sọ pé 1909 ni wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kò sí bó ṣe lè jẹ́ àtùpà mọ́tò 1904, bó ti wù kí ọlọ́jà búra tó.

Ẹ̀gbọ́n ní tábìlì náà nínú fóònù wọn. Àdírẹ́sì pẹ̀lú ń sọ̀rọ̀: ilé iṣẹ́ a máa kó láti òpópónà kan lọ sí òmíràn, orúkọ a máa yí padà bí wọ́n bá gba alájọṣe tuntun, tàbí bí àwọn alágbára bá gbé wọn mì. Lucas gbé púpọ̀ mì ní àwọn ọdún 1920, Powell & Hanmer wà lára wọn. Joseph Lucas tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn, kẹrosíìnì ló ń tì kiri tà ní Hockley ní Birmingham. Nígbà tó yá ni òun àti ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àtùpà kẹ̀kẹ́ ológeere tí wọ́n sọ ní "King of the Road", tí orúkọ náà sì bá wọn dé orí mọ́tò. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn. Oníṣòwò kẹrosíìnì tó ronú dé orí ohun tí kẹrosíìnì ń jó nínú rẹ̀.

Idẹ nìkan kọ́ ni Brasso ń ṣe níbi. Ọ̀pọ̀ àtùpà ni wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì funfun bò láti ilé iṣẹ́, pàápàá bí a ti ń sún mọ́ 1910. Àwọn tó rà wọ́n lẹ́yìn náà gbà pé mọ́tò àtijọ́ gbọ́dọ̀ pọ́n yòò, ni wọ́n bá họ níkẹ́ẹ̀lì kúrò. Ẹ̀gbọ́n fi iná fóònù wo kọ̀rọ̀ íńjìsì àtùpà kan níbi tí aṣọ ìnu-nǹkan kò lè dé, funfun díẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Àtùpà tí wọ́n ń tà bí idẹ pọ́ńbélé ti jẹ́ funfun rí. Ojúlówó ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti bọ́ aṣọ lára rẹ̀.

Ayédèrú pátápátá tún wà. Àwọn kan ṣe é fún ọ̀ṣọ́ ilé ọtí, ọlọ́jà olóòótọ́ á sì sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ di iṣẹ́ nígbà tí ẹnì kan bá rẹ irú rẹ̀ sínú omi oníyọ̀ kó lè dípẹtà, kó sì lẹ orúkọ ilé iṣẹ́ àtijọ́ mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n kì í kọ́kọ́ wo iwájú. Wọ́n á dà á délẹ̀, wọ́n á wo ìdí rẹ̀. Níbi tí páànù ti pàdé ara, àwọn àgbà oníṣẹ́ ká a, wọ́n ṣẹ́ ẹ wọ inú ara wọn, wọ́n sì fi sódà dì í. Ayédèrú a máa lo iná jórinjórin òde òní. Ríbẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ní orí tí wọ́n gbá lọ́wọ́. Nọ́ọ̀tì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà kì í gba bóòtù tí a ń fi mìlímítà wọ̀n lónìí, nítorí náà ẹ̀gbọ́n ní bóòtù tuntun kan nínú àpò. Bó bá ti wọ̀ ọ́ dáadáa, ọ̀rọ̀ ti tán. Mo ní kí wọ́n lo òòfà tí mo rí ní ìsọ̀ kan, nítorí òòfà kì í fa idẹ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àtùpà ojúlówó náà máa ń ní irin nínú, láti apá tó gbé e dúró dé sípíríǹgì ilẹ̀kùn, ilé iṣẹ́ Ford sì lo páànù irin tí wọ́n kùn dúdú, tó jẹ́ pé etí rẹ̀ nìkan ni idẹ, fún Model T ní 1913. Òòfà á pe ojúlówó yẹn ní ayédèrú. Inú àtùpà ló ṣòro jù láti parọ́ fún: ẹni tó ti fi kẹrosíìnì tan iná rí mọ bí èéfín ṣe ń dú inú páànù, ibi tó ń pọ̀ sí, ibi tí ooru ti sọ idẹ di aláwọ̀ àlùkò. Àtùpà tí inú rẹ̀ mọ́ roro, tí ìta rẹ̀ sì dípẹtà, ó ní àlàyé láti ṣe.

Àwọn iná iwájú ńláńlá wà ní apá mìíràn ọjà náà, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí ohun tí mo mọ̀. Ọlọ́jà kan ṣí ìdérí páànù idẹ kan, òórùn bí aáyù jáde, mo sì mọ̀ ọ́n kí ojú mi tó rí i. Kábáìdì ni. Bí wọ́n ṣe ń tan iná mọ́tò fún bíi ogún ọdún nìyẹn: omi wà lókè, òkúta kábáìdì wà nísàlẹ̀, omi á máa kán sí i díẹ̀díẹ̀, gáàsì asẹ́tílíìnì á jáde, á gba inú rọ́bà lọ sí àtùpà, a ó sì fi ìṣáná sí i. Ẹnu ihò kékeré méjì tó dojú kọ ara wọn ni gáàsì ń gbà jáde, kí ahọ́n iná méjèèjì lè pàdé, kí wọ́n sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Lẹ́yìn iná yẹn ni dígí tó ki wà, irú tí ọmọ ogun Faransé kan tó ń jẹ́ Mangin ṣe, tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ sọ síwájú. Tí kábáìdì bá ti kú tán, ohun funfun bí ẹfun ló ń kù nísàlẹ̀.

Nílé wa, àwọn ọdẹ ló fi dé orí. Mo mọ fìtílà kábáìdì lórí ọdẹ òru, ojú ẹtu tó pọ́n nínú igbó bí iná náà bá bà á, àti àgbá kábáìdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ àwọn jórinjórin. Àwọn kan sì fi ń mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n, ìyẹn tí NAFDAC ń bá wọn jà lé lórí. Ẹ̀gbọ́n ti gbé ìdérí náà, wọ́n ń ṣàlàyé fún ọlọ́jà bí omi ṣe yẹ kó máa kán, òyìnbó náà sì ń gbọ́ bí ọmọṣẹ́.

Lára àwọn tó wà lórí tábìlì yẹn ni àtùpà Blériot. Louis Blériot ni ẹni àkọ́kọ́ tó fi bàlúù ẹlẹ́ńjìnì fò kọjá òkun láti Faransé sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ 25 oṣù keje ọdún 1909. Owó àtùpà mọ́tò ló fi ṣe àwọn bàlúù tó já lulẹ̀ kí ọ̀kan tó gòkè. Àtùpà rẹ̀ kì í wọ́n ju ti ẹlòmíràn lọ nítorí pé ó dára jù. Orúkọ ni ènìyàn ń san owó fún, n kò sì dá wọn lẹ́bi.

Bí mo ṣe ń wò wọ́n, Èkó ni mo ń rò. Kí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, W. A. Dawodu ti ń ta mọ́tò l'Ékòó, irú àtùpà wọ̀nyí kò sì lè ṣaláì bá wọn wọ èbúté. Níbo ni wọ́n wà? Èrò tèmi ni pé ìkòkò asúdẹ ló gba púpọ̀ nínú wọn. Ilẹ̀ wa kì í jẹ́ kí idẹ jókòó lásán; ẹni tó bá ní idẹ tí kò tan iná mọ́, tí alágbẹ̀dẹ idẹ wà nítòsí, kò ní gbé e pamọ́ fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Ó ṣeé ṣe kí Lucas kan ti di ẹ̀gbà ọwọ́ olórìṣà Ọ̀ṣun. Ẹ̀gbọ́n ní ìyẹn dára ju ilé ọtí lọ.

Iná mànàmáná ló lé gbogbo wọn kúrò lójú pópó. Cadillac ti 1912 ló kọ́kọ́ fi mọ́tò tí ń fi iná mànàmáná ṣíná ara rẹ̀ àti iná onígílóòbù rẹ̀ han aráyé dáadáa, nígbà tó sì di 1915, Ford pàápàá ti fi gílóòbù sí iwájú Model T. Iná Ford yẹn a máa ṣe bàìbàì bí ẹ́ńjìnì bá rọra. Nígbà náà ni àwọn olówó ọkọ̀ àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lu ihò sí ìdí àtùpà kẹrosíìnì wọn kí wáyà lè gba ibẹ̀ wọlé.

Irú ọ̀kan bẹ́ẹ̀ la bá lọ́sàn-án, lábẹ́ tábìlì ará Netherlands kan tó ń ta kábúrétọ̀. Ẹnì kan ti fi ọ̀dà ilé dúdú kùn ún látòkè délẹ̀. Gílóòbù kékeré kan ti fọ́ sínú rẹ̀, ilé epo rẹ̀ kò sí mọ́. Mo ti ń kọjá lọ. Ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ṣí síhà òsì. Wọ́n fi èékánná ha ọ̀dà díẹ̀ kúrò lókè èéfín, P àti H sì jáde, ẹnu lẹ́tà náà mú bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́, nítorí ọ̀dà kò jẹ́ kí aṣọ kankan dé ibẹ̀. Àpèrè ẹ̀yìn tó ń wọ apá irin bá ìwọ̀n tí ẹ̀gbọ́n kọ sínú ìwé mu.

"£180," ni ọlọ́jà wí.

"Pẹ̀lú gílóòbù fífọ́, ihò nídìí àti ọ̀dà géètì lára rẹ̀?"

"Òsì ni," ọkùnrin náà dáhùn. Ó mọ̀.

Wọ́n ná an títí, ẹ̀gbọ́n ṣe bí ẹni ń lọ, wọ́n padà, wọ́n san £140. Ilé epo la tún wá kiri. Ìsọ̀ kan ní páálí kún fún un, ẹ̀gbọ́n sì ń fi wọ́n wọ inú àtùpà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ọ̀kan fi yọ́ wọlé láìha ara. £15 nìyẹn. Ihò wáyà, sódà àti páànù idẹ kékeré kan ni yóò dí i, iṣẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ láti Mushin.

Ọkọ̀ ojú irin ti kúrò ní Southampton nígbà tí aládùúgbò náà pè. Ó ti rí fọ́tò tí ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú fóònù, ó ń béèrè bóyá ọ̀dà dúdú yẹn á kúrò, àti pé òun ti wà nílé ìtajà, ṣé kí òun ra agolo Brasso kan tàbí méjì. Ẹ̀gbọ́n dìde dúró láàárín èrò.

"Má ra nǹkan kan," ni wọ́n sọ fún un. "Dá Brasso padà sórí pẹpẹ, kó o máa bọ̀ nílé."